Ìkérora Díákónì Tak

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún àdúrà ìdájí ogójì ọjọ́, ìròyìn gba gbogbo ìlú Jangampo kan pé bí èèyàn bá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Díákónì Tak Gwangsik nígbà tó bá ń kérora nínú àdúrà, àìsùn ogún ọdún á fi onítọ̀hún sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan kúnlẹ̀ ní ìwọ̀n apá méjì sí i, ó sì sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń pe ara wọn lórí fóònù nípa aṣọ ìsìnkú. Wọ́n ní ajá kan tó ń sáré kọjá lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ìkérora náà, ó na gbalaja sójú títì, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ sì ní láti yà fún un. Wọ́n ní ẹni tó ń ta oògùn ní ìkòríta ọjà ẹja ti ń sunkún, nítorí kò sẹ́ni tó ń ra oògùn oorun mọ́. Wọ́n tún ní ọ̀gá àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn mìíràn tó wà ní tẹ́ńpìlì orí òkè ti ránṣẹ́ sí Tak ní bòókẹ́lẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó wá kérora díẹ̀ fún òun, pé ọ̀rọ̀ oorun kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Ní ìlú tí ìdajì àwọn èèyàn ibẹ̀ ti ń jí ní aago mẹ́ta láti lọ pàdé ọkọ̀ ẹja, ọ̀rọ̀ oorun kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi béèrè pé: Tak wo? Ṣé Tak tó ń ha èérí ara wa ní ilé ìwẹ̀ ni?

Òun náà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélógún ní ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn báńkì, ní ẹ̀ka ti ọkùnrin. Ṣòkòtò péńpé dúdú kan ni aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Á na èèyàn sórí tábìlì bí ẹja tí wọ́n fẹ́ gé, á da omi gbígbóná lé e lórí, á ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ ìfọra aláwọ̀ ewé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, títí èérí á fi máa yí bọ́ sílẹ̀ bí ìrẹsì tó sè jù. Kò sí ọkùnrin tí Tak kò tíì rí ní ìhòòhò ní Jangampo, látorí ọ̀gá ọlọ́pàá dórí pásítọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí ló ti rí ẹ̀kọ́ ìsìn tirẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan: pé ìgbàgbọ́ kò sí lẹ́nu, orí kókósẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá ń kúnlẹ̀ jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, awọ kókósẹ̀ rẹ̀ á le. Ti Pásítọ̀ Seonu le, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti Alàgbà Pyo dà bí ẹ̀yìn ìjàpá. Nígbà mìíràn Tak máa ń fi èékánná kàn án, kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

Tirẹ̀ ńkọ́? Kókósẹ̀ Tak rọ̀ bí àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti jẹ́ díákónì, kò sì sí ọdún kan nínú rẹ̀ tí kò pinnu láti yí padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, á ra bírò tuntun, á ṣí Bíbélì, á bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Nígbà tó bá fi máa di ìparí oṣù, ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń ka oríṣiríṣi ẹbọ sísun, ibẹ̀ ni yóò ti sinmi títí di ọdún tó ń bọ̀. Ojú ewé Jẹ́nẹ́sísì rẹ̀ ti dọ̀tí, ó ti ya, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Láti Léfítíkù lọ, ó funfun nini bí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó mọ Ádámù ju àbúrò tó bí lé e lọ. Ṣùgbọ́n bí Pọ́ọ̀lù bá wọlé wá wẹ̀, kò ní dá a mọ̀.

Báwo wá ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ di alàgbà ìjọ?

Àga alàgbà kan ló ṣófo. Pásítọ̀ Seonu sì kéde pé ìjọ yóò dìbò lẹ́yìn àdúrà ìdájí ogójì ọjọ́. Ẹni tó bá rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò, òun ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Sehun, ọmọ kan ṣoṣo tí Tak bí, sọ fún un lórí fóònù pé òun fẹ́ ṣègbéyàwó ní ìgbà ìwọ́wé, àti pé bàbá ọmọbìnrin náà jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú ńlá Busan, ó sì tún jẹ́ alàgbà. Tak kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, òun tí oorun kì í kọ̀. Ó ń rí ìwé ìpè ìgbéyàwó náà níwájú rẹ̀: ní ọwọ́ ọ̀tún, "Alàgbà, Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́", ní ọwọ́ òsì, "Tak Gwangsik, ẹni tó ń ha èérí". Ó yí oyè sẹ́yìn, ó yí i síwájú. Ó rí i pé "Alàgbà Tak" dùn lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, ó fẹ́ oyè yẹn bí aláboyún ṣe ń fẹ́ nǹkan kíkan.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alàgbà Pyo dùbúlẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀.

"Gwangsik, rọra. Awọ ara èèyàn nìyẹn o, kì í ṣe ìpẹ́ ẹja."

"Alàgbà, èérí yín ló ń bá mi jà, èmi kọ́ ni mò ń bá yín jà."

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ jókòó tì wá lórí àga."

"Ta ló sọ?"

"Ìyàwó rẹ ló sọ fún ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní ẹ̀rín ò jẹ́ kí ìyàwó rẹ parí ọ̀rọ̀." Alàgbà Pyo yí ẹ̀yìn padà sí i. "Ìwọ tí o máa ń pẹ́ dé ìsìn aago mọ́kànlá, ṣé o lè jí ní aago mẹ́rin?"

"Màá jí, sà."

"Ogójì ọjọ́ ni o, kì í ṣe mẹ́rin. Tó o bá pa ẹyọ kan jẹ, má wo ojú mi. Ṣùgbọ́n bí èso àjàrà rẹ bá pé ogójì, èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ nawọ́ sókè fún ọ."

Ọ̀rọ̀ èso àjàrà yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kọjá lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ya ṣírí àjàrà kan fún olúkúlùkù sórí ògiri ẹnu ọ̀nà, ogójì èso tí kò ní àwọ̀. Bí o bá wá ní ìdájí, wọ́n á fún ọ ní bébà róbótó aláwọ̀ elésè àlùkò kan, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ èso ọjọ́ náà. Fún àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo àwọn àgbààgbà tó ní ọmọ-ọmọ, bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn nídìí ògiri ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, tí wọ́n ń ka èso ara wọn!

Ọjọ́ kìíní, aago ìtanijí mẹ́ta tí Tak tò sórí fèrèsé dún papọ̀. Ó gbọ́ wọn nínú àlá, ó rò pé ọkọ̀ panápaná ni, ó gbàdúrà fún ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ó yí padà. Bongnye ìyàwó rẹ̀ ló gbà á là. Ọjà ẹja ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣa ẹja wẹ́wẹ́, nítorí náà ó ti wọ bàtà òjò kó tó ká kúbùsù kúrò lára ọkọ rẹ̀, ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ òkun oṣù kejì.

"Bàbá Sehun! Alàgbà ọ̀la! Ẹ dìde, ọ̀run ti ṣí!"

"Ọ̀run rẹ tutù jù. Ìwọ náà kò sì lọ sí àdúrà ìdájí."

"Èmi ń gba tèmi bí mo ṣe ń ṣa ẹja. Ẹ̀kúnwọ́ ẹja kan, orúkọ èèyàn kan. Ọdún kẹtàlá rèé. Ẹ wọ ṣòkòtò yín."

Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kọrin, pásítọ̀ wàásù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n pa iná. Nínú òkùnkùn, gbogbo ìjọ ké "Olúwa!" lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó fẹ́ fa òrùlé ya, lẹ́yìn náà, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀ sókè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tak náà ké. Ó gbádùn "Olúwa" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn wọn ni wàhálà dé.

"Olúwa, ràn mí lọ́wọ́," ló wí. "Ran Bongnye lọ́wọ́. Ran Sehun àti ìyàwó rẹ̀ ọ̀la lọ́wọ́. Ran orílẹ̀-èdè wa lọ́wọ́, gúúsù àti àríwá. Ran gbogbo ayé lọ́wọ́. Àmín."

Ó la ojú kan, ó wo aago tó ń tàn lára ògiri. Ó ti gbàdúrà fún gbogbo ayé tán pátápátá, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ló gbà á. Ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n ààbọ̀. Ó yí ayé ká lẹ́ẹ̀kejì, ó ń mú un ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ó gbàdúrà fún Bràsíìlì, fún Potogí, fún Nàìjíríà, kìkì nítorí pé ó ti rí wọn níbi bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú kan mìíràn. Ẹnu wá gbẹ ẹ́. Ó wo ọ̀tún, Alàgbà Pyo ń gbọn bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó wo iwájú, obìnrin kan ń bá Ọlọ́run jà lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò ọmọ rẹ̀. Ojú ti Tak. Ó ní kóun kàn fi iwájú orí kan tìmùtìmù bí àwọn tí àdúrà wọn ti jinlẹ̀. Ilẹ̀ sì gbóná, nítorí a máa ń mú ilẹ̀ gbóná láti ìsàlẹ̀ nígbà òtútù. Ooru yẹn gun orúnkún rẹ̀, ó gun ikùn rẹ̀, ó gun ọrùn.

Ohun tó gbọ́ lẹ́yìn náà ni orin ìparí.

Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kẹta, kẹrin, karùn-ún. Ojoojúmọ́ ni Tak ń jà fitafita láti jí, kó lè lọ sùn. Á jí kúrò lórí ibùsùn tó ní kúbùsù, á rìn nínú yìnyín, á gòkè gígùn kan, á wá sùn lórí orúnkún, pẹ̀lú ìdí lókè, nínú ilé Ọlọ́run. Ó máa ń bú ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀: "Tak, àwọn èèyàn ń sùn nílé lọ́fẹ̀ẹ́." Ṣùgbọ́n èso àjàrà ń pọ́n lára ògiri.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Ìyá Yeongpil kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, òkun ló gba ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ìpẹja. Ní ìsìn ọjọ́rú, ó dìde ní iwájú ìjọ láti jẹ́rìí.

"Ẹ̀yin ará, láti ọdún mẹ́rin tí Bàbá Yeongpil ti lọ, n kò tíì sun oorun wákàtí méjì pọ̀. Ní ìdájí àná, mo kúnlẹ̀ nítòsí Díákónì Tak. Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀. Ìkérora ni! Á fa àdúrà náà láti ìsàlẹ̀ ikùn, á fà á gòkè, á fà á, á dá a dúró… ẹ̀yin ará, mo rò pé ó ti bá Olúwa lọ… á wá tú u sílẹ̀ fììì! Àyà mi rọ̀. Mo sùn síbẹ̀. Mo délé, mo tún sùn."

"Àmín!" ni gbogbo ilé ké.

Tak dìde. Òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó ti dé fìlà, ó kù kó jáde. Ó rí i bí gbogbo ojú ṣe yí sí òun, ojú tí kì í wò ó bẹ́ẹ̀ bí ó bá wọ ṣòkòtò péńpé. Ohun tó jáde ni:

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa."

Ó jókòó. Ó sọ nínú ara rẹ̀, "Tak, o ti kú," ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá gágá bó ṣe ń kú lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ẹyẹ nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, èèyàn márùn-ún ló ń kúnlẹ̀ yí i ká. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n ti ń fi tìmùtìmù gba ààyè sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìṣáájú. Alàgbà Pyo fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ìkérora tó ní fèrè nínú. Ẹ̀gbẹ́ òsì ilé ìjọsìn wa di bí inú ọkọ̀ ojú omi tí àwọn apẹja ti sùn lọ. Pásítọ̀ Seonu, tó wà lórí pẹpẹ nínú òkùnkùn, kò mọ nǹkan kan. Ó ń gbọ́ ìró náà tó ń ga sí i lójoojúmọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ̀wé sí pásítọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé ìsọjí ti dé Jangampo, àti pé kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu wá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tètè dé etí rẹ̀ ni Bongnye. Ní ọjọ́ kejìdínlógójì, àwọn obìnrin ọjà ẹja yí i ká.

"Ìyá Sehun, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ká rí irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Ṣé bó ṣe máa ń kérora nílé náà nìyẹn?"

"Ìkérora wo?"

"Ti àdúrà ni."

"Ẹ ṣe bíi rẹ̀ kí n gbọ́."

Ọ̀kan nínú wọn fa èémí sínú, ó dá a dúró, ó tú u sílẹ̀ fììì. Bongnye jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ ẹja. Ó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bu omi fún un. Kò sì sọ nǹkan kan fún wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ewéko òkun, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá Sehun, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbọ́ ìkérora yìí. N kò mọ̀ pé ìsọjí ni. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ ta ìsọjí lóru!"

"Má pariwo."

"Ṣé ẹ ti gbàdúrà rárá láti ọjọ́ tí ẹ ti ń lọ?"

Tak ronú. "Ọjọ́ kejìlá, eyín dùn mí. N kò lè sùn."

"Ẹ gbàdúrà?"

"Mo bú dókítà eyín."

Bongnye tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Wọ́n á dìbò fún yín ní ọjọ́ Ìsinmi. Alàgbà Pyo ti sọ fún gbogbo ayé. Wọ́n á máa pe èmi náà ní ìyàwó alàgbà, màá sì mọ̀ pé ìhanrun ni mo fẹ́. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu yín ló yẹ kó ti jáde, kì í ṣe ẹnu tèmi." Ó ti àwo kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan aláta, sí iwájú rẹ̀. "Sehun ò ní kí ẹ di alàgbà o. Ó ní kí ẹ wá síbi ìgbéyàwó òun ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tak lára, ṣùgbọ́n èso àjàrà ku méjì. Ó lọ lẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, ṣírí rẹ̀ pọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ níwájú ògiri. Ó rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà bí ẹni tó jí adìyẹ tí wọ́n wá fún un ní obì.

Ọjọ́ kejì, kò sí àdúrà àkànṣe mọ́. Àwọn díẹ̀ tó máa ń lọ tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń lọ. Tak ti pa aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé òun á sùn títí oòrùn á fi wọ òun lójú. Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú rẹ̀ là fáú. Ó pa á dé, ó tún là. Ó yí padà sí ògiri, ara rẹ̀ kọ̀. Bongnye ti jáde. Ara rẹ̀, ara ọ̀lẹ tí kò tíì gbọ́ràn sí i lẹ́nu láti ìgbà ọmọdé, ti jókòó, ó ti ń wá ṣòkòtò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tak rí i pé òun ni ọgbà náà. "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ló bi ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. "Èso àjàrà ti tán, òmùgọ̀!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dáhùn, ó ń gun òkè lọ.

Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ilé. Wọ́n pa iná. Tak fi iwájú orí kan tìmùtìmù, ó dúró de oorun bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tó máa ń kọjá lójoojúmọ́. Oorun kò wá. Ó wà níbẹ̀ ní jíjí kalẹ̀, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, kò sì rí ibi sá sí.

"Olúwa," ó wí, "ẹ káàárọ̀ o. Tak ni."

Kò mọ ohun tó tún kàn. Ó rántí ìyàwó rẹ̀ àti ẹja. Kò ní ẹja lọ́wọ́, ẹ̀yìn àwọn èèyàn ló mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀yìn Alàgbà Pyo, tí egungun rẹ̀ kan ti wọ́, ẹ̀yìn awakọ̀ tákísì tí àpá abẹ́rẹ́ dókítà pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó máa ń wá lọ́jọ́ Ajé tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí èjìká rẹ̀ kò tíì rọ̀ rí lábẹ́ ọwọ́ Tak. Ó ń dárúkọ wọn, ó ń dákẹ́, ó tún ń dárúkọ. Lẹ́yìn náà, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó kàn wà níbẹ̀.

Nǹkan kan gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìka ọwọ́ Ìyá Yeongpil ni.

"Díákónì," ìyá náà sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ ò gbàdúrà lónìí ni?"

"Mò ń gbà á, màmá."

"N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti dùbúlẹ̀ síbí tipẹ́."

Nígbà tí wọ́n tan iná, tí àwọn yòókù ti lọ, wọ́n jókòó sórí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wọ bàtà. Tak kò gbé ojú sókè.

"Màmá, ìkérora yẹn… oorun ni. Mo ń hanrun ni."

Ìyá Yeongpil so okùn bàtà rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Gwangsik, ọmọ mi, ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi sùn ti apẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé o rò pé n kò mọ ìhanrun ọkùnrin?"

Tak gbé ojú sókè wò ó.

"Bí ìwọ ṣe ń fà á ni Bàbá Yeongpil ṣe ń fà á gẹ́lẹ́. Á fà á, á dá a dúró, màá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á tú u sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, ilé dákẹ́ jù. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn. Mo gbọ́ tìrẹ, mo sùn. Ẹ̀rí tí mo jẹ́ níwájú ìjọ, kí ni mo purọ́ níbẹ̀? Mo ní mo sùn. Mo sùn." Ó wo òkun. "Àdúrà ni mo pè é, nítorí obìnrin opó kò lè dìde nínú ìjọ kó ní ìhanrun ọkọ ẹlòmíràn ló ń tu òun nínú."

"Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n fẹ́ dìbò, màmá."

"Mo mọ̀. Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí dé ọ̀nà ibojì." Ó fọwọ́ ti èjìká rẹ̀ dìde. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa jókòó sórí àga yẹn, èmi kọ́."

Ọjọ́ méjì tó kù, Tak kò sùn dáadáa nílé, kò sì sùn rárá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ilé ìwẹ̀, ó ń ha ẹ̀yìn àwọn èèyàn, ó ń dárúkọ wọn sí abẹ́ ahọ́n. Alàgbà Pyo ní, "Kí lò ń sọ lẹ́yìn mi?" Tak ní, "Kò sí, sà. Ẹ yí padà."

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, akọ̀wé ṣí ìwé ìpàdé, Pásítọ̀ Seonu bọ́ síwájú.

"Ará, orúkọ kan ló wà níwájú wa. Ogójì ìdájí, kò pa ẹyọ kan jẹ! Gbogbo wa la gbọ́ ìkérora ọkàn rẹ̀. Díákónì, ẹ dìde kí ìjọ rí yín."

Tak dìde. Alàgbà Pyo ti na ọwọ́ sókè kó tó di pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni nawọ́.

"Pásítọ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀," ni Tak wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ó tún un sọ. "Ìkérora yẹn, oorun ni. Mo ń sùn."

Ẹ̀rín díẹ̀ sọ níhìn-ín lọ́hùn-ún. "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" ni obìnrin kan ké. Alàgbà Pyo na ọwọ́ kejì.

"Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀! Alàgbà, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní mo ń hanrun! Ẹ bi ìyàwó mi!"

Gbogbo orí yí sí ẹ̀yìn. Bongnye dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìhanrun ni," ó wí. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bí ẹ bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀." Ó jókòó.

Pásítọ̀ Seonu di pẹpẹ mú. Ó dà bí ẹni pé ó ń rántí lẹ́tà kan tó ti kọ.

"Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún," Tak wí. "Tèmi ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ogójì ọjọ́ ló lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ní alàgbà lórí ìwé ìgbéyàwó ọmọ mi. Nǹkan tó gbé mi dé ibí lójoojúmọ́ nìyẹn, kò sí òmíràn. Ìyá Yeongpil kò purọ́ o! Ẹ má fi ìyá náà ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní òun sùn, ó sùn. Ìwòsàn rẹ̀, òótọ́ ni. Àdúrà mi ni irọ́. Àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kúnlẹ̀ yí mi ká, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀, n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni." Ọwọ́ Alàgbà Pyo, méjèèjì, ti wà nínú àpò. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò. Kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un sọ fún mọ́ńkì orí òkè."

Akọ̀wé gbé bírò. "Kí n kọ ọ́ báwo, Díákónì?"

"Ẹ kọ pé nínú ogójì ọjọ́, mo sun mọ́kàndínlógójì. Ọjọ́ kan, eyín ń dùn mí, mo sì bú dókítà. Àdúrà, ẹ kọ mẹ́rin: ti ọjọ́bọ̀, ti ẹtì, ti àná, àti ti òní." Ó ronú díẹ̀. "Rárá, ẹ dúró. Ẹ kọ mẹ́ta àbọ̀. Ní òní, mo tòògbé díẹ̀ níparí."